Ẹ dárúkọ ìrànlọ́wọ́ tí ẹ fẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìtọ́jú màmá mi

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì màmá mi ni mo ti ń tọ́jú wọn nílé wa ní Ìdí-Àbà, l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí irú iṣẹ́ yìí, yálà ọmọ ni yín tàbí ẹni tí wọ́n gbà sílé láti máa tọ́jú arúgbó, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé àwọn èèyàn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ àfi ká dárúkọ ohun tí a fẹ́ àti ọjọ́ tí a fẹ́ ẹ.

Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló máa ń sọ pé, "Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́." Àdúrà gidi ni, mo sì ń ṣe àmín sí i. Lẹ́yìn àmín ni mo máa ń sọ tẹnu mi. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó pé, "Bọ̀dá mi, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ń ṣe bẹbẹ. Àmọ́ ẹ wá bá mi sùn ti Màmá lálẹ́ Sátidé, kí n lè rí oorun sùn." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Báwo lo ṣe ń yí wọn padà?" Wọ́n ń wá báyìí. Ìyá tó ń ta láfún ládùúgbò wa ńkọ́? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa jókòó ti Màmá nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí n lè lọ sípàdé ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní, "Ìyẹn nìkan? Máa lọ, jàre."

Ti ẹ̀yìn wa ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹni tí kò lè dá yí ara rẹ̀ padà, bíi wákàtí méjì-méjì la máa ń yí i kí ara rẹ̀ má baà degbò. Bó bá jẹ́ apá nìkan la fi ń wọ́ ọ, ẹ̀yìn tiwa ló máa lọ sí i. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi: ẹ ṣẹ́ aṣọ tó nípọn po sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ aláìsàn láti èjìká dé itan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ sọ fún un ná. Ẹ di etí aṣọ náà mú nítòsí ara rẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá fà á. Màmá mi ló máa ń kà á fúnra wọn, "Ení, èjì, ẹ̀ta," ọwọ́ ọ̀tún wọn á sì ti di etí bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí. Ọwọ́ kan yẹn ń gba ẹ̀yìn mi là gan-an.

Bí wọ́n bá wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá, èmi náà máa ń na apá tèmi. Bó bá ń wọ 140 lórí 90 lemọ́lemọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má yá lára oògùn aláìsàn lò.

Ẹ̀yin tí wọ́n gbà síṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ọjọ́ ìsinmi yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ọmọbìnrin tó ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó láti oṣù dé oṣù, tí wọ́n wá ń pè é ní ọ̀lẹ torí pé ó tòògbé lọ́sàn-án.

Ọkàn náà ń ṣàárẹ̀. Nílùú wa, béèyàn bá dárúkọ Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí, wèrè ni wọ́n máa ń rò. Mi ò fara mọ́ ọn. Lọ́dún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣètò pé káwọn aláìsàn Aro máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ẹbí kan sì bá aláìsàn wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹbí yẹn ò dá wà nígbà náà. Ará abúlé wà nítòsí rẹ̀. Bí oorun bá kọ̀ tí kò kùn yín, àní nígbà tẹ́lòmíì ń bá yín ṣọ́ aláìsàn, tóúnjẹ ò dùn lẹ́nu mọ́, tí ẹkún ń gbọ̀n yín, tó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí Aro. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń ronú àtikú, tàbí àtiṣe aláìsàn léṣe, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ pe ẹnì kan kó wá dúró ti aláìsàn, kẹ́ ẹ sì lọ lọ́jọ́ náà gan-an.