Àárín Ìgbà Ooru Tó Ń Ṣófo

Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Keje. Kí oòrùn tó mú lára lówùúrọ̀ yìí ni mo ti dé etí ọ̀dàn tó wà lẹ́yìn ìlú wa ní Oklahoma níbí, ní Amẹ́ríkà. Nínú oṣù Karùn-ún, òdòdó pupa elétí ìyeyè tí ìpínlẹ̀ yìí fi ṣe òdòdó ìgbẹ́ tirẹ̀ bo ilẹ̀ ibẹ̀ bí aṣọ òkè. Lónìí, orí òdòdó tó ti gbẹ ni mo bá, àwọn ti ìgbà ìwọ́wé kò sì tíì rúdi.

Ọ̀dàn a máa sinmi títanná díẹ̀ nígbà tí ooru bá le, èyí kì í ṣe tuntun. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ayé tó ń gbóná lè mú ìsinmi náà gùn. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan tẹ èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí ọ̀dàn ìpínlẹ̀ yìí jáde: wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń tan ooru kọ́ sókè, wọ́n sì ń ṣọ́ oríṣi ewéko 12, koríko wà lára wọn. Èmi ìbá ti búra pé gbogbo wọn ni yóò yára tanná. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó máa ń tanná kí ooru tó dé góńgó tún yá sí i, àwọn tó máa ń tanná lẹ́yìn rẹ̀ tún pẹ́ sí i, wọ́n sì jìnnà síra wọn.

Oyin ńlá onírun (bumblebee) ni mo ń rò. Ìyá wọn nìkan ló máa ń la ìgbà òtútù já, tí yóò jáde nígbà ìrúwé láti dá agbo sílẹ̀. Ó di ìparí ìgbà ooru kí àwọn ìyá tuntun tó jáde. Agbo náà gbọ́dọ̀ máa rí òdòdó jẹ ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń kó pamọ́ kò ju ti ọjọ́ mélòó kan lọ.

Bí mo ti ń padà, mo ka òdòdó tó ṣí lẹ́bàá ọ̀nà: mọ́kànlá péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. A. Stevens, onímọ̀ ewéko, kọ ọjọ́ tí oríṣi òdòdó kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ṣí ní ìpínlẹ̀ North Dakota sílẹ̀ láti 1910 títí di 1961, òun ni àwọn tó dé lẹ́yìn sì rí fi wé ti ìsinsìnyí. Èmi náà ti kọ mọ́kànlá mi sílẹ̀.