Fàkéṣọ̀n tí bàbá wọn fi Excel ṣètò

Ẹ má gbà kí ọkùnrin tó ń fi Excel ṣiṣẹ́ l'ọ́fíìsì bá yín ṣètò fàkéṣọ̀n, ìyẹn ìrìn-àjò ìsinmi, láéláé. Bàbá àwọn ọmọ mi ò mọ ibi tá a ń kó ṣíbí sí nínú kíṣìnnì ara ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí òyìnbó kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ fi fọ́tò Lake Superior hàn án, kò tíì bọ́ bàtà tán tó ti ń pariwo pé kí gbogbo wa bọ́ sí pálọ̀, fámílì míìtìn ti yá.

Minnesota là ń gbé, ní Brooklyn Park, àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé èèyàn lè ra ẹ̀lúbọ́ láì rìn jìnnà. Òtútù ló ń bá wa fà á láti November títí wọ April, torí ẹ̀ tí oòrùn bá ti yọjú báyìí gbogbo òyìnbó á di ẹrù s'ẹ́yìn mọ́tò wọ́n á dorí kọ àríwá. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé níbo, wọ́n á ní Up North, ó tán. Etí Lake Superior yẹn lọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Adágún yẹn kì í ṣe kékeré o, nínú gbogbo adágún tí omi ẹ̀ ò níyọ̀ l'áyé òun ló fẹ̀ jù, ibi tó jìn jù nínú ẹ̀ sì ju 400 mítà lọ. Etí ẹ̀ l'ápá ọ̀dọ̀ wa, òkúta lásán ni, àpáta gàgàrà, igbó, àti ìtàkìtì omi tó ń já bọ́ láti orí òkè, kì í ṣe yanrìn tẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹní lé lórí tẹ́ ẹ máa jẹ súyà.

Míìtìn bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, Excel wà lójú ẹ̀ gbàràmù: ọjọ́, wákàtí, ibi tá a máa dé, ẹni tó máa gbé kúlà. Ó tiẹ̀ kọ ìgbà tá a máa tọ̀ síbẹ̀, 10:40, ìtọ̀, gbogbo ilé. Ó ní kí kálukú sọ ohun tó fẹ́. Àkọ́bí mi, tó ti wọ ọjọ́ orí tí ọmọ máa ń bínú sí atẹ́gùn, ní Wi-Fi lòun fẹ́. Àbíkẹ́yìn ní ṣáàkì lòun fẹ́ rí, a ṣàlàyé títí pé kò sí ṣáàkì nínú adágún, ó ní ká ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkejì ló sọ nǹkan gidi, ó ní òun fẹ́ rí Devil's Kettle, ìyẹn ibì kan lójú odò Brule tí omi ti pín sí méjì lórí òkúta, apá kan ṣàn lọ ní tiẹ̀, èkejì wọ inú ihò, ẹnikẹ́ni ò sì rí ibi tó gbà jáde. Ọjọ́ pẹ́ táwọn èèyàn ti ń ju nǹkan sínú ihò yẹn kí wọ́n lè rí ibi tó máa yọ sí. Ìgbà tó di 2016 làwọn onímọ̀ omi ìjọba ìpínlẹ̀ wa wọn omi tó wà lókè ihò àti èyí tó wà nísàlẹ̀, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, abẹ́ ilẹ̀ ni omi náà ń gbà padà sínú odò. Ọmọ náà ṣàlàyé gbogbo èyí fún Màámi, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Màámi ní àwọn ò gbà, wọ́n ní ẹni tó ń mu ún ń mu ún.

Ìbéèrè kan làwọn náà wá bi ọmọ wọn. "Ṣé wọ́n ń ta ata níbẹ̀?"

Ọkọ mi yẹ Excel wò. Kò sí ata níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé ká lọ pàgọ́ nínú páàkì ìjọba, ká sun téńtì. Ọlọ́run ló kó wa yọ, torí pé ó ku 120 ọjọ́ ni wọ́n ti máa ń ṣí àyè yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á, ìgbà tí àwa ń ṣe míìtìn, àwọn tó gbọ́n ti gbà á tán láti ìgbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé téńtì fún Màámi, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wo ọmọ wọn láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí n fi ilé alájà mi sílẹ̀ n'Íbarà, kí n wọ bàálù, kí n wá sùn sínú àpò nínú igbó Amẹ́ríkà? Àkànní, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Ọ̀rọ̀ wá kan ilé rírẹ́ǹtì. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló sáré wọ yàrá, inú ẹ̀ ń dùn bí ti ọmọdé, ó ní òun ti rí ilé, ní Superior gan-an, owó ẹ̀ ò tó ìdajì àwọn tóun ti ń wò bọ̀. Mo ní jẹ́ n wò ó, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé sọ̀pùráìsì ni. Mo fọkàn balẹ̀.

Ẹrù dídì, ẹ jẹ́ n má sọ púpọ̀. Màámi se jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n se mọ́ínmọ́ín, wọ́n dín ẹja, wọ́n wá fi irú sí i, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé lórí ọ̀rá, tó ṣì ń kí wa láti búùtù. Èmi di jákẹ́ẹ̀tì gbogbo wa sínú báàgì ńlá kan, bàbá wọn gbé e kúrò nínú mọ́tò, ó ní ẹrù ti pọ̀ jù, ta ló ń gbé jákẹ́ẹ̀tì lọ sí bíìṣì nínú oṣù July. Lóòótọ́, ooru ọjọ́ yẹn wọ 90 ní Fahrenheit. Ni gbogbo wa bá wọ ṣọ́ọ̀tì, àyàfi Màámi tó lọ́ ìró.

Tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Duluth, ìlú tó wà létí adágún yẹn, òkè kan wà tẹ́ ẹ máa gùn, bẹ́ ẹ ṣe dé orí ẹ̀ báyìí, omi á kàn yọ sí yín nísàlẹ̀, kò lópin. Àwọn ọmọ hó yèè. Màámi ní ẹ ní adágún ni, òkun rèé, ta lẹ ń tàn. Ibẹ̀ ló dùn dé o. Torí máàpù tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù ní ká yà, a yà, a gun afárá gígùn kan, omi wà lọ́tùn-ún omi wà lósì, ni àkọ́bí mi tí kò tíì dá sí wa láti ilé bá yọ nǹkan etí ẹ̀.

"Dádì, Wisconsin la wà yìí o."

"Ọ̀nà àbùjá ni," lọkọ mi fèsì.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí máàpù ní a ti dé. Ẹ̀yin ará, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Superior, òdì kejì omi ló wà sí Duluth, ní ìpínlẹ̀ míì, ibẹ̀ lọkùnrin yìí gba ilé sí! Ìlú náà ò níṣòro, èèyàn rere ló wà níbẹ̀, àmọ́ gbogbo ibi tó tò sínú Excel, Gooseberry Falls, Split Rock, Grand Marais, títí dé bọ́dà Kánádà, etí omi l'apá Minnesota ni gbogbo ẹ̀ wà, láti Duluth dé bọ́dà sì tó nǹkan bí 150 máìlì. Lẹ́yìn ilé, ojú irin rélùwéè ni. Omi tá a rí níbẹ̀ ò ju èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Mo wo ọkọ mi, mo ní, "Olówó orí mi, sọ̀pùráìsì yín mà dáa o." Ó lọ ń já ẹrù.

Lóru, ọkọ̀ ojú irin kọjá, gbogbo ilé mì, ìgò ń lu ìgò. A gbọ́ ohùn Màámi láti yàrá kejì: "Àkànní, ṣé Lafẹ́nwá la wà ni?"

Ọjọ́ kejì a gba Highway 61 lọ sókè. Ooru tá a fi sílẹ̀ n'ílé, kò bá wa dé ibẹ̀, ìwọ̀n ooru ò tó 55, kùrukùru sì bo gbogbo omi. A fẹ́ wo Split Rock, ilé tí wọ́n kọ́ láti máa fi iná tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà lẹ́yìn tí ìjì November 1905 fọ́ ọkọ̀ rẹpẹtẹ, ọdún 1910 ni wọ́n kọ́ ọ parí, orí àpáta gíga ló wà, gbogbo káàdì àti fọ́tò Minnesota lẹ máa ti rí i. Àwa dúró nísàlẹ̀ létí omi, a na ọrùn, a ò rí nǹkan kan. Ilé tí wọ́n kọ́ kí wọ́n lè máa rí i! Eyín àwọn ọmọ ń lu ara wọn, la bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, owó súwẹ́tà ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi láyà, irú kan ṣoṣo tó sì kù tó bá gbogbo wa mu ni èyí tí wọ́n ya moose, ẹranko oníwo ńlá inú igbó, sí láyà. Bí a ṣe di ẹlẹ́gbẹ́ aṣọ ẹbí nìyẹn. Màámi wé gèlè sí tiwọn. Obìnrin òyìnbó kan bi mí bóyá ìgbéyàwó la wá ṣe.

Ẹ rò pé ìyẹn tó fún ọkùnrin yìí? Excel ní 1:15, ìwẹ̀. Ó ní Odò Ògùn lòun ti kọ́ ìwẹ̀, omi lomi ń jẹ́. Omi Lake Superior yìí, tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ yípo ọdún, bí 40 ní Fahrenheit ló wà. Ó bọ́ súwẹ́tà, ó sáré, ó bẹ́ sínú omi dé ìbàdí, igbe tó jáde lẹ́nu ẹ̀, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n já Super Eagles. Màámi dìde lórí òkúta tí wọ́n jókòó sí: "Àkànní! Ọmọ Lísàbí! Jáde nínú omi olómi!" Gbogbo wa ń wò ó, ni ẹyẹ funfun ńlá kan bá já wá láti ẹ̀yìn, ó gbé odindi ẹja díndín kúrò nínú abọ́ Màámi, ó fò lọ. "Olè! Olè!" Bàbá òyìnbó kan tó ń mú ajá rìn bi mí ohun tí màmá ń sọ, mo ní wọ́n ń pe ẹyẹ ní olè. Ó ní wọn ò parọ́ mọ́ ọn.

Ọkọ mi jáde, ètè ẹ̀ ti dúdú, ó ní omi yẹn dáa, kò sẹ́ni tó fèsì.

Grand Portage ló kù. Ìtàkìtì omi kan wà níbẹ̀ lójú odò Pigeon, gíga ẹ̀ tó 120 ẹsẹ̀ bàtà, odò yẹn fúnra ẹ̀ sì ni ààlà, bèbè ìhín Amẹ́ríkà, bèbè ọ̀hún Kánádà. Màámi béèrè kí wọ́n tó wọ mọ́tò, wọ́n ní físà Amẹ́ríkà nìkan làwọn ní o, ṣé kò ní sí wàhálà? Páásípọ́ọ̀tù yẹn gan-an wà ní Brooklyn Park, ọkọ mi ló tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ kó má baà sọnù lọ́nà. Ó ní a ò ní sún mọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù rárá.

A rìn títí, ilé ń dín kù, igi ń pọ̀ sí i, ni fóònù àkọ́bí bá dún. "Dádì, wọ́n ní ẹ káàbọ̀ sí Kánádà."

Tèmi náà dún. Mo wo aago ojú ẹ̀, ó ti fi wákàtí kan sáré síwájú, torí agogo ti apá Ontario yẹn ṣáájú tiwa. Àbíkẹ́yìn bi mí bóyá a ti dé ọ̀la. Màámi ti ké: "Yéè! Àkànní ti tà mí!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù sókè. Ọkọ mi ń ṣàlàyé pé a ò tíì kọjá ibì kankan, nẹ́tíwọọ̀kì òdì kejì ni fóònù ń mú, bẹ́ẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ìyá ẹ̀ sun Wisconsin, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Màámi ní kó páàkì. Ó páàkì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gèlè so, wọ́n kọjú sí ibi tá a ti ń bọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà sí Amẹ́ríkà, tàwọn ti moose àyà wọn.

Ìyá àgbà kan, orí ẹ̀ funfun báláú, dúró pẹ̀lú mọ́tò ẹ̀. Ọmọ Ojibwe ni, àwọn ló nilẹ̀ ibẹ̀. Ó bi Màámi kí ló dé, Màámi ní ṣé Kánádà nìyí? Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o, ilẹ̀ àwọn ni, Minnesota náà sì ni. Màámi wo irun funfun yẹn, wọ́n gbà. Wọ́n padà wọ mọ́tò, wọ́n ò wo ojú ọmọ wọn.

Ìtàkìtì omi yẹn, ká sòótọ́, ó lẹ́wà ju ohun tí fọ́tò lè mú lọ, ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú fún àgbà, ariwo ẹ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ra. Màámi dúró létí pátákó tí wọ́n fi ṣe ibi ìwòran, wọ́n ní kí n ya àwọn, kí n rí i pé bèbè ọ̀hún yọ dáadáa lẹ́yìn àwọn. Mo yà á. Mi ò mọ̀ pé orí WhatsApp ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ gbé e sí, tí wọ́n sì máa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Èmi rèé ní Kánádà, Olúwa ṣeun."

Láti ìgbà náà ni Abẹ́òkúta ò ti jẹ́ ká sinmi. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Màámi bí wọ́n ṣe rí físà gbà kíákíá bẹ́ẹ̀, Màámi ní kí wọ́n lọ bá Àkànní, òun ló mọ ọ̀nà. Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan pe ọkọ mi láàárọ̀ àná, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ̀jẹ́ǹtì yẹn gbà?