Mo nà án nítorí pé ó ń pẹ́, mi ò béèrè ohun tó ń dá a dúró

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe olùkọ́ tó ń rí sí ìbáwí ní iléèwé girama kan níbí ní Iléṣà. Láàárọ̀, ẹnu géètì ni ibùdúró mi, pàṣán á wà lọ́wọ́ mi. Tí agogo bá ti lù, ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á kúnlẹ̀, á gba ẹgba mẹ́fà, á sì lọ gé koríko. Ó dá mi lójú pé ohun tó tọ́ ni mò ń ṣe. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn, mo sì di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí mo nà títí tó fi kúrò níléèwé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, nítorí ó ku díẹ̀ kí n fọwọ́ ara mi tì í sẹ́wọ̀n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn. Ní JSS 1 àti JSS 2, ọmọ yìí wà lára àwọn tí mo máa ń pè síwájú kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ lójú pátákó. Nígbà tí wọ́n wọ JSS 3, ó yàtọ̀. Ó ń pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ó ń sùn nínú kíláàsì, oorun àsùnwọra, tí itọ́ á máa dà sórí ìwé. Tí mo bá nà án, kì í sunkún, kì í bẹ̀bẹ̀, á kàn máa wolẹ̀. Agídí ni mo pè é. A máa ń sọ ọ́ ní yàrá àwa olùkọ́ pé ọmọ tí ẹgba ò bá dùn mọ́, ìpáǹle ti gbà á nìyẹn. Ohùn tèmi ló máa ń ròkè jù.

Ìwé ìṣirò rẹ̀ ti ọdún yẹn wà lọ́wọ́ mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ojú ewé àkọ́kọ́, ó fi rúlà fa ìlà ẹ̀gbẹ́ ìwé, gbogbo nọ́ńbà tò léra bí ọmọ ogun. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìkọ̀wé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lórí ìlà. Kò kọ déètì mọ́. Lójú ewé kan, ó kọ 1 títí dé 10 sí ẹ̀gbẹ́, kò sí ìdáhùn kankan níwájú wọn. Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, ìlà méjì gbọọrọ ló fà, ó ya àpótí kékeré sáàárín wọn, ó sì ń fi bírò tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí tí ìwé fi lu. Bírò pupa mi wà lábẹ́ rẹ̀: mo ní kó wá rí mi. Ó wá. Mo nà án.

Nígbà tó yá, a ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì mú òbí rẹ̀ dání tó bá ń bọ̀. Kò padà wá. Mo fa ìlà lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ, ara mi sì fúyẹ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ kanlẹ̀kùn mi lálẹ́. Ata ló ń tà ní ọjà Atakúnmọ́sà; òórùn ata gbígbẹ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo lé ọmọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n lọ́mọ dáadáa. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Ọlọ́pàá ti mú un pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó jù ú lọ, wọ́n ní wọ́n tú bátìrì kúrò lára tírélà kan.

Nígbà tá a débẹ̀ láàárọ̀, orí sìmẹ́ǹtì ló wà, kò sí ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n kọ, ọdún 18 ni wọ́n fún un. Ọmọ ọdún 15 ni. Wọ́n ní ká dúró de ẹni tó ń wádìí ẹjọ́ náà, wọ́n sì jẹ́ kó wá jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ìbéèrè tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni: "Kí ló máa ń dá ẹ dúró láàárọ̀ nígbà yẹn?"

Ó ní, "Títì ni, Mà."

Nínú ọlidé gígùn tó ṣáájú JSS 3, bàbá rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e, tírélà kọlù wọ́n ní títì márosẹ̀ Iléṣà sí Àkúrẹ́. Bàbá kú lójú rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó lára òun. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń sọ pé ẹ ṣọpẹ́, Ọlọ́run yọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Títì yẹn kan náà ló sì wà láàárín ilé wọn àti iléèwé. Ìyá á ti lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ á dé etí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbé e. Á dúró títí àgbàlagbà kan á fi fẹ́ sọdá, á wá rọra tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lọ́jọ́ míì àgbàlagbà ò tètè dé. Lọ́jọ́ míì ó dé, ó sọdá, òun ò lè kúrò lójú kan. Lóru, bí oorun bá ti fẹ́ gbé e, á gbọ́ tí táyà ń han, nítorí náà ó máa ń jókòó ni. Àárín èrò nìkan ló ti ń rí oorun sùn. Kíláàsì mi ni.

Ẹ ò rí i pé gbogbo ohun tí mo nà án lé lórí, àmì àìsàn ni?

Ibi tó ti máa ń dúró létí títì yẹn, àtíbàbà fọkanáísà kan wà níbẹ̀. Àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ń rí i lójoojúmọ́. Wọ́n pè é, wọ́n fún un níjòókòó. Wọn ò pè é lọ́lẹ, wọn ò pè é lólórí kunkun. Nígbà tó sọ fún wọn pé òun kì í sùn, wọ́n fún un ní tírámádò, òògùn apàrora. Ó sọ fún mi pé lóru àkọ́kọ́ tóun lò ó, òun sùn dilẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Ohun tí ọmọ yìí ń wá kò ju oorun lọ. Àwa ò bi í, àwọn bi í. Lẹ́yìn ìyẹn ni òògùn di ohun tó gbọ́dọ̀ sanwó fún, owó di iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an, iṣẹ́ wá di kó dúró máa wo ọ̀nà nígbà tí àwọn ń tú bátìrì.

Mi ò sọ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn ni olè o. Púpọ̀ nínú wọn ò pa ẹnikẹ́ni lára láyé wọn. Àwọn gan-an ni wọ́n ń yàn jẹ. Ohun tí mo rí ni pé àìsàn náà kọ́kọ́ gba oorun ọmọ, lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, nígbà tí iléèwé sì ti tì í jáde, kò sí àgbàlagbà kankan tó ń retí rẹ̀ níbikíbi láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Inú wákàtí yẹn ni ojú títì ti gbà á. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ bá a ṣe ń lé ọmọ kúrò níléèwé nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, 1 ní irú àìsàn ọpọlọ kan. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo ṣe é: kíláàsì mi nígbà yẹn jẹ́ ọmọ 56. Ẹ fi 7 pín in. Àwọn mẹ́jọ. Èmi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn.

Ní tí ọlọ́pàá, ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ó lè gba ọmọ yín là. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ di tirẹ̀, sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé 18. Wọn ò gbọdọ̀ rán an lẹ́wọ̀n. Tí ẹ̀sùn náà kò bá wúwo, òfin fún ọlọ́pàá láyè láti yanjú rẹ̀ láìdé kóòtù, kí wọ́n san ohun tó bàjẹ́ fún olóhun, kí wọ́n sì fi ọmọ sábẹ́ àbójútó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ 18 sílẹ̀, gbogbo ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó mú dání ni ìwé ọjọ́ ìbí. Ìyá ọmọ yìí ò ní. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbó, tó fi ọ̀rá wé, lòun mú jáde láti inú àpótí, òun la sì fi jà. Tí ẹ ò bá lágbára lọ́yà, ẹ béèrè Legal Aid Council, ọ̀fẹ́ ni lọ́yà wọn fún aláìní. Ẹ sì ní kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀. Bá a ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ san owó bátìrì, ọmọ sì ń fara hàn ní ọ́fíìsì wẹ́fíà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ń sọ pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ìtúnwàṣe, Borstal ti Abẹ́òkúta. Láti ọdún 16 sí 20 ni òfin là kalẹ̀ fún ibẹ̀, kò tilẹ̀ tíì pé e.

Nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé yẹn kan náà ni mo ti kà á pé adájọ́ ò gbọdọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n na ọmọdé lẹ́gba, ohun yòówù kó ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó bá jalè, kóòtù ò gbọdọ̀ nà án. Èmi sì ń na èyí tó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn ló le jù. "Ọmọ mi kì í ṣe wèrè, Mà," ni ìyá rẹ̀ ń wí. Mi ò bá a jà. Òfin tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, wèrè gan-an ló ń pe aláìsàn nínú orúkọ rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí tuntun. Níbí, tí wọ́n bá ní "Aró ló yẹ ẹ́," èébú ni. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Abẹ́òkúta wa, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ló dé Aró ní 1954, tó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí tiwọn tó ń dáná fún wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Mo sọ èyí fún ìyá náà. Ó dákẹ́, ó ní, "Ṣé mo lè tẹ̀ lé e wọlé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild níbí ní Iléṣà, wọ́n kọ lẹ́tà fún wa sí ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ifẹ̀. Dókítà ibẹ̀ bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ara ọmọ náà kò tíì mọ̀ pé jàǹbá yẹn ti parí. Wọ́n rọra já a kúrò lórí tírámádò, torí àpọ̀jù rẹ̀ lè mú kí gìrì gbé ènìyàn. Ìyókù, ọ̀rọ̀ sísọ ni, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti títì: òun àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ á lọ dúró lókèèrè máa wo ọkọ̀, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n á sún mọ́ ọn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá yẹn kó wá sùn sínú yàrá rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Pásítọ̀ wọn náà ń gbàdúrà, mo sì ń ṣe àmín. Mi ò rí ohun tó ní kí ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́.

Mo ṣì ń kọ́ni. Mo ti dá pàṣán padà fún ọ̀gá wa. Tí ọmọ bá pẹ́, mo máa ń mú un lọ sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́, mo máa ń bi í bó ṣe sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà á ní "Dáadáa ni, Mà," kó sì máa lọ. Lọ́jọ́ kejì mo tún máa bi í. Àwa Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló, tí bàbá wa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó aṣọ á fi jáde, a ní irú sùúrù yẹn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ lóṣòó ti ọmọ yín. Ẹ ṣí ìwé rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kẹ́ ẹ wo ibi tí ìkọ̀wé rẹ̀ ti yí padà, kẹ́ ẹ wá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lásìkò yẹn. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ikú ló ń sọ, tàbí pé ayé sú òun, ẹ má pè é ní àṣejù. Ẹ kó òògùn ẹ̀fọn àti òògùn koríko kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ náà pàdánù odidi ọdún kan. Ó ti wà ní SS 2 báyìí, níléèwé mìíràn, títì kan náà ló sì ń sọdá lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, tí ọ̀dà ń dán, ó ṣì máa ń pẹ́. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Á fi iwájú orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé orúkọ títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀.