Ta ni yóò máa fowó ránṣẹ́ sílé fún ọdún mẹ́ta? Ìṣirò dìgírì nọ́ọ̀sì láti Leeds

"Fi ọ̀rọ̀ ìlera sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì." Ọmọbìnrin tí mo lè bí ló sọ bẹ́ẹ̀ sí mi lójú gbogbo èèyàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àwa tá a ṣiṣẹ́ òru ń gbé iṣẹ́ fún àwọn tó wá gbà á láàárọ̀. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, olùrànlọ́wọ́ wọn ni mí ní wọ́ọ̀dù. Ohun tí mo sọ kò ju pé màmá àgbà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò mí bí wọ́n ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Láti ìdájí ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Tíì tí wọ́n máa ń mu tán kíá, wọ́n kàn gbé e dání títí ó fi tutù mọ́ wọn lọ́wọ́ ni. Bí wọ́n bá ti mí, èjìká wọn á gòkè, àárín ìhà wọn á wọnú. Mo wọn ohun tó yẹ kí n wọ̀n, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sọ fún nọ́ọ̀sì tá a jọ ṣiṣẹ́, òun náà sì pe dókítà. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ mọ̀ ni. Ọmọ náà kò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lára ìwé tó ń kọ.

Nílé, á kọ́kọ́ pè mí ní "mà" kó tó sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe ń rí. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo gbọ́ pé inú àyà ni àìsàn màmá náà ti wọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ti ń tọ́jú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi sí i.

Mo pe Ìyá Ìbejì. Ó ní, "Ṣebí mo ti sọ fún ẹ. Lọ ṣe nọ́ọ̀sì, kí gbogbo wọn sinmi." Ìmọ̀ràn gbogbo ilé nìyẹn. Níbi ìnáwó àwa Yorùbá níbí, ìrẹsì kò tíì kárí tí ọ̀rọ̀ band 5, ìpele owó oṣù tí nọ́ọ̀sì tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, ti dé. Ìyá ìyàwó á sọ ọ́, àlùfáà á sọ ọ́, ẹni tó ń gbé kúlà kiri náà á sọ ọ́. Èmi mú bírò, mo jókòó, mo ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra mi, torí èyí tá a máa ń ṣe láàárín ara wa kò pé.

Owó ilé-ìwé ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. Ní England, láti ọdún 2017 tí ìjọba ti dáwọ́ owó ìrànwọ́ àtijọ́ dúró, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ru ẹrù ara ẹ̀. £9,535 ni yunifásítì lè gbà fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026. Fún ọdún mẹ́ta, ó lé ní £28,000. Ìjọba Scotland ṣì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tiwọn ní £10,000 lọ́dún. Níbí, £5,000 lọ́dún ni, àti £2,000 sí i fún ẹni tó ń tọ́mọ. Ẹ̀yáwó ìjọba ló ń gbé ìyókù, ìyẹn fún ẹni tó bá ti ní páálí, ìwé àṣẹ láti máa gbé ìlú yìí títí, o. Ẹni tó ṣì wà lórí físà iṣẹ́ kì í rí ẹ̀yáwó yẹn gbà, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ni yóò sì san. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín wọ ìyẹn.

Ẹ̀yáwó náà kì í ṣe irú gbèsè tí olówó ń wá jókòó tì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 kò ní san kọ́bọ̀ àyàfi tí owó ọdún ẹ̀ bá kọjá £25,000. Ìdá 9 nínú 100 ohun tó bá lé lórí iye yẹn ni wọn yóò máa yọ. Nọ́ọ̀sì tuntun ní band 5 gba £31,049 lọ́dún 2025 sí 2026 (ọdún yẹn ni gbogbo iye owó band tí mo kọ síbí), nítorí náà ohun tí wọn yóò yọ lọ́wọ́ ẹ̀ kò ju nǹkan bí £45 lóṣù lọ. Lẹ́yìn 40 ọdún, ìyókù ẹ̀yáwó náà ti parẹ́ nìyẹn. Àwọn Mùsùlùmí kan láàárín wa kì í fọwọ́ kàn án nítorí èlé, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Fún àwa yòókù, mi ò rò pé òun ló yẹ kó dá wa dúró.

Àkókò lowó ńlá náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ pé wákàtí 4,600 kí wọ́n tó lè kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bíi nọ́ọ̀sì: 2,300 nídìí ìwé, 2,300 lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í san owó oṣù fún wákàtí 2,300 tẹnu iṣẹ́ yìí. Wàá wọ bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá dúró títí alẹ́, wàá sì padà sílé láìgba nǹkan kan. Èmi wà ní band 3 báyìí, tí owó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti £24,937. Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó lé ní £74,000 tí mi ò ní gbà, ká tó yọ owó orí. Iye tí dìgírì náà yóò ná mi gan-an nìyẹn, £28,000 yẹn kò sì tó ìdajì ẹ̀.

Kí ni yóò wá mú wọlé? Ìyàtọ̀ àárín èmi àti nọ́ọ̀sì tuntun jẹ́ nǹkan bí £6,000 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, á dé £37,796, ìgbà yẹn ni owó náà tó ń jọ owó. Àmọ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru bíi tèmi mọ èyí, torí wọn kì í sọ ọ́: wọ́n ń fi ìdá 35 nínú 100 kún owó band 3 fún òru àti Sátidé, ìdá 69 fún ọjọ́ Àìkú. Ti nọ́ọ̀sì jẹ́ 30 àti 60. Bí ipò ṣe ń ga ni àfikún ń dín kù. Nígbà tí mo fi ìwé owó oṣù mi ṣe é, ìyàtọ̀ ọdún àkọ́kọ́ kéré débi tí mo tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní kí n gbàgbé England, pé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024, ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì ló ń gbà ju $93,600 lọ lọ́dún, pé ẹni tó fi ọdún méjì kàwé náà lè ṣe NCLEX, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba láìsẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ibí ni páálí mi wà, ibí lọmọ mi ti ń lọ ilé-ìwé.

Tó bá jẹ́ owó nìkan ni, mi ò bá ti pa ìwé náà dé. Ohun tí mo ń wá ni pé tí mo bá tún sọ pé aláìsàn kan kò mí dáadáa, kí wọ́n gbójú sókè.

Màmá mi ni ìṣirò náà há sí. Nígbà tí ara wọn ṣì le, tí mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ń ṣe, wọ́n bi mí pé, "Ṣé àwọn òyìnbó yìí ò bímọ ni?" A rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já. Nísinsìnyí, rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún, Iléṣà ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, àbúrò mi obìnrin ló ń tọ́jú wọn pẹ̀lú ọmọ kan tí mo ń sanwó fún lóṣooṣù. Orí WhatsApp ni mo ti kọ́ wọn: ká yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, ká fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì, ká má fà wọ́n lápá tó rọ. Àbúrò mi á gbé fóònù jókòó lórí àga, èmi á máa sọ pé, "Rárá, ẹ̀yìn èjìká ni kó o kì wọ́n mú." Ìyá onìyá ni mo fi ọwọ́ ara mi yí padà lánàá.

Òru tí wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Àbúrò mi ló sáré lọ ra ìbọ̀wọ́ àti omi tí wọ́n fà sí wọn lára. Ó ní nọ́ọ̀sì náà ṣèèyàn, pé ó ń sùn lórí ìdúró. Nọ́ọ̀sì náà sọ fún un pé òun náà ń dúró kí ọdún méjì òun pé, torí láti ọdún 2024 ni àjọ tó ń rí sí nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ti ní ẹni tó gba láìsẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí àwọn tó bá a jẹ́rìí ìwé ẹ̀ fún òkèèrè. Mi ò lè bú u. Ta ni màá fi bú u?

Bí mo bá lọ jókòó sí kíláàsì ní Leeds fún ọdún mẹ́ta, ta ni yóò máa sanwó ọmọ tó ń yí Màmá padà? Ta ni yóò ra oògùn? Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá ìyẹn mọ́ ìṣirò níbi ìnáwó.

Ọ̀nà tí mo wá ń lépa báyìí ni apprenticeship. Nílé, ọmọ tó ń kọ́ télọ̀ ló ń sanwó fún ọ̀gá, níbí, ọ̀gá ló ń san owó oṣù fún ọmọṣẹ́, tó sì ń gbé owó yunifásítì ẹ̀. Ó máa ń tó ọdún mẹ́rin, dìgírì kan náà ni, ìforúkọsílẹ̀ kan náà. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó ń dù ú sì pọ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, nursing associate wà, ipò tó wà láàárín tèmi àti ti nọ́ọ̀sì: ọdún méjì, band 4, tó bẹ̀rẹ̀ láti £27,485, ẹni tó bá ṣe é tán lè tẹ̀síwájú di nọ́ọ̀sì. Ó gùn ju ọ̀nà tààrà lọ. Àmọ́ owó Iléṣà kò ní dúró.

Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa, a sì máa jókòó sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n máa ń béèrè ẹ̀rí ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mo ti ní kí àbúrò mi bá mi wá ìwé WAEC mi nínú àpótí Màmá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí, ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé: nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣé wọ́n fi owó oṣù yín sílẹ̀ bó ṣe wà, àbí wọ́n dín in kù?