Òfin ìjọba àti fóònù ará Ìkòròdú

Nígbà tí ìbẹ̀rù bojo ẹgbẹ́ apànìyàn Badoo gba Ìkòròdú kan lọ́dún 2017, ahesọ lásán ti tó láti sọ àlejò di apànìyàn. Wọ́n lu aláìṣẹ̀ pa, wọ́n sì dáná sun ún. Ẹni tó bá ní kí ìjọba má dá sí irọ́ orí ayélujára rárá, kó wá bi ará Ìkòròdú. Àmọ́ ọ̀nà tí ìjọba wa ń gbà dá sí i ni kò tọ̀nà.

Wọ́n ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 di oṣù kìíní 2022. Àwọn tó gbọ́n fi VPN, ètò tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n tì pa, sórí fóònù, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ni ọjà wọn kú. Kóòtù ECOWAS ní ìgbésẹ̀ náà kò bófin mu. Abala 24 òfin ọ̀daràn ayélujára ti 2015 náà ń bẹ fún ẹni tó bá fi irọ́ ránṣẹ́: ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí ìtanràn mílíọ̀nù 7 náírà. Ẹnu òfin yẹn gbòòrò débi pé wọ́n fi ń mú akọ̀ròyìn, kí wọ́n tó dín in kù lọ́dún 2024.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìkànnì ayélujára ni Jámánì kọjú sí ní tiwọn lọ́dún 2017: ohun tó hàn gbangba pé ó lòdì sófin gbọ́dọ̀ kúrò láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 50 yúrò. Ìyẹn ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà, tí òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún 2024, kò kan ọ̀rọ̀ àdáni bíi ti WhatsApp, níbi tí ahesọ tiwa ń gbé gan-an. Láti 2016, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè ka ohun tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ohun tó dín ahesọ kù lórí WhatsApp ni òté: èèyàn tàbí gúrúùpù 5 péré lẹ lè fọ́wọ́ọ̀dù ọ̀rọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà láti 2019. Láti 2020, èyí tó bá ti kọjá lọ́wọ́ púpọ̀, tó ní ọfà méjì lórí, ibì kan ṣoṣo lẹ lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ihò kan wà níbẹ̀ o: ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ náà kọ, tàbí tó ya àwòrán rẹ̀ lójú fóònù, ọfà ti pòórá nìyẹn.

Ẹ̀yin ádímìn gúrúùpù onílé, bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ lóru, ẹ wọ ètò gúrúùpù, ẹ ṣe é kí ádímìn nìkan lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ fóìsì, ìyẹn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ni wọ́n fi gbé ahesọ náà wá, ẹ di í mú pẹ́, ẹ pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Àwòrán ṣeé wá lórí Google, fóìsì kò ṣeé wá. Nítorí náà, ẹ pe ẹni tó gbé e wá: àdúgbò wo, ọjọ́ wo, ohùn ta ni? Bó bá ní "wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni", ẹ má ṣí gúrúùpù títí ẹ ó fi pe àgọ́ ọlọ́pàá.