Ìwé ló máa bá a sanwó ilé

Inú ń bí mi láti àná, mi ò sì rí ẹni tí màá bínú sí.

Mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, já sẹ́nu géètì wọlé ni. Mọ́mì Ayọ̀, ìyàwó Bọ̀dá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wà ní kíṣìnì, wọ́n ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ, wọ́n fi èjìká ti fóònù mọ́ etí. Ohun tí mo gbọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ ó máa kàwé lọ jàre. Ìwé ló máa bá a sanwó ilé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ju òkúta kan gba ojú fèrèsé síta, wọ́n bá ìrẹsì wọn lọ.

Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni. Wọ́n ní àbúrò kan ní Ìwó tó ń ṣe másítàsì lọ́wọ́, ilé onílé lòun náà ń gbé. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ẹni tó ń kàwé ní Nàìjíríà, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo yára gbà á sára? Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé, mi ò lè padà, etí kẹ́ẹ̀gì ń gé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo wá wọlé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Akọ̀wé mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dúró kí n bá yín gbé e."

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé wa, nígbà tí mo ṣì wà ní pámárì, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Mi ò ronú sí i rí. Láti àná ni mo ti ń ronú sí i.

Òní fúnra rẹ̀ ò ní nǹkan kan nínú. Mo wọ ọkọ̀ Golf láti Kubwa dé Berger, níbí l'Ábújá, àwa méjì níwájú, jíà ń gún mi nítan. Iṣẹ́. Owó oṣù wọlé lọ́sàn-án. Mo padà sílé.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí aláàtì yẹn dún, kì í ṣe ọpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ohùn Mọ́mì Ayọ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: àjọ, owó àbúrò mi, owó ọkọ̀, gáàsì tí mo máa ń rà sílé Bọ̀dá. Wọn ò ní kí n rà á o, àmọ́ ta ni yóò máa jẹ tí ò ní dá? Ohun tó ṣẹ́ kù, tí n bá ń tọ́jú ẹ̀ fún ilé, á tó gba ilé lọ́dún tó ń bọ̀, tí láńlọ́ọ̀dù ò bá fowó kún un, a sì mọ̀ pé yóò fowó kún un. Ejẹ́ǹtì tó mú mi lọ wo yàrá kan ní Dutse Alhaji ní owó ọdún kan gbáko lẹ́ẹ̀kan náà ni, ti òun àti ti àgírímẹ́ǹtì sì wà lọ́tọ̀. Oṣù oṣù ni wọ́n ń sanwó fún mi, ọdún ọdún ni láńlọ́ọ̀dù Àbújá ń gbà á. Owó olówó ni mò ń ṣírò láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń bára mu. Tèmi nìkan ni ò bára mu.

Tó bá jẹ́ ICAN, ìdánwò àwọn oníṣirò owó, ni mo kó o lé ńkọ́? Ọ̀gá mi ní ẹni tó bá ní ICAN ni wọ́n ń gbé sókè níbi iṣẹ́ wa. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó ìwé, owó ẹni tó máa kọ́ mi. Tàbí másítàsì ní Gwagwalada, ní UniAbuja, tí wọ́n ti sọ di Yakubu Gowon tí ẹnu wa ò tíì gbà á. Èwo nínú ẹ̀ ló máa bá mi sanwó ilé? Ẹ wò ó, mo ti ń sọ ọ́ fúnra mi báyìí.

Ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé ni mo fi ń sá fún nǹkan. 2018 ni mo wọ yunifásítì, ọdún mẹ́rin ni wọ́n kọ síwèé fún mi. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, ó di oṣù kejìlá kí wọ́n tó padà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo fi jókòó ti Màámi ní ìsọ̀. Mo wá ṣe agùnbánirọ̀, 33,000 naira lóṣù. Ìgbà tí mo ti bọ́ kákí tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san 77,000, ní oṣù kẹta ọdún 2025. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó máa gba 33,000. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó di dandan kó jẹ́ èmi?

Mo ti rẹ́rìn-ín díẹ̀ báyìí. Ó dáa.

Ká sọ òótọ́ ṣá, Mọ́mì Ayọ̀ kì í ṣe ẹni tí ò mọyì ìwé. Inú oyún Ayọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ NOUN, yunifásítì tí èèyàn lè máa kà látilé, Bọ̀dá sì máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ tí wọ́n ń kàwé lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Sáftíkéètì náà wà nínú férémù ní pálọ̀, òkè tẹlifíṣọ̀n, gíláàsì rẹ̀ ń dán, torí àwọn fúnra wọn ló ń nù ún. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń tà lọ́jà Kubwa, mudu mudu, ìyẹn abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà níbí. Ìrẹsì yẹn ló ń sanwó ilé tí mò ń gbé, tàbí ìdajì ẹ̀ ó kéré tán. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ pé ìwé ló máa sanwó ilé, tó sì rẹ́rìn-ín… ẹ̀rín wo nìyẹn? Mo ti ń gbọ́ ọ bí èébú látàná. Alẹ́ yìí, kò dá mi lójú mọ́. Ó lè jẹ́ èébú náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ n máa tan ara mi.

Àbúrò mi pè ní bí aago mẹ́jọ. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì àwọn ń yá owó NELFUND, ìjọba á san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, wọ́n á sì máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 lóṣù. Kò ní èlé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ṣe agùnbánirọ̀ tán kó tó máa san án padà. Ó ti ka gbogbo ẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣèdánwò. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n yá a, kẹ́ ẹ lè rówó gba ilé yín."

Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ilé fún un? Mi ò sọ fún un rí.

Mo ní kò gbọdọ̀ yá kọ́bọ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Gbèsè kọ́pà, ìyẹn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ti fojú Bàbá wa rí màbo, n ò ní tún un sọ. Ṣùgbọ́n owó kọ́pà ní èlé, ó sì ní ẹni tó ń wá jókòó sí pálọ̀. Èyí ò ní. Kí ni mo wá ń kọ̀ fún? Bóyá torí tí ò bá nílò owó mi mọ́, mi ò ní rí nǹkan dá lẹ́bi mọ́ tí mi ò bá gba ilé, tí mi ò sì kàwé. Hùn. Mi ò fẹ́ràn ohun tí mo kọ yẹn, àmọ́ mi ò ní pa á rẹ́. Màá pè é láàárọ̀. Bóyá kó yá ti owó ilé ìwé, kí n máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Bóyá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábújá, tẹ́ ẹ bá ní ìwé ICAN tẹ́ ẹ ti lò tán, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Mo lè wá gbà á ní Wuse, ní Garki, níbikíbi tí owó ọkọ̀ ẹ̀ ò bá ti ju owó ìwé lọ. Kì í ṣe pé mo ti pinnu o. Mo kàn fẹ́ ṣí i wò ni.