Ọgbẹ́ kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀

Lánàá, bí mo ṣe ń fọ ọpọ́n omi àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi, etí irin ya mí níka. Ọgbẹ́ náà ò tó nǹkan, àmọ́ mo pa iṣẹ́ tì, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo dì í, mo wọ ìbọ̀wọ́. Kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Streptococcus suis máa ń gbé nínú ọ̀fun ẹlẹ́dẹ̀ tára rẹ̀ le koko. Irú ojú ọgbẹ́ báyìí ló ń gbà wọ ara èèyàn, ó sì lè dini létí pátápátá.

Bàtà ńkọ́? Ìgbẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kì í jẹ́ kí oògùn apakòkòrò ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ikọ́ àti ibà bá sì ń ṣe mí, n kì í wọlé tọ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi: àwa èèyàn náà máa ń kó àrùn influenza ran ẹlẹ́dẹ̀.